267 ní JAMB, WAEC tó dára, síbẹ̀ kò rí àyè wọlé: níbo ni ìṣirò ti ṣì?

Ìbéèrè láti Bàrígà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin gba 267 ní JAMB. Mẹ́dísìn ní UNILAG ló mú. WAEC rẹ̀ nìyí: Bàólọ́jì A1, Ìṣirò B2, Gẹ̀ẹ́sì B3, Kẹ́mísírì B3, Físíìsì C4. Ó gba 19 nínú 30 ní post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Láti ìgbà tí èsì JAMB ti jáde làwọn èèyàn ti ń kí wa kú oríire, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tá a bá ṣí CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ọmọ ti rí àyè, kò tíì sí àyè fún un. Ará ilé wa kan ní kí n wá owó, pé òun mọ ẹnìkan. Bàbá rẹ̀ ní kó gbàgbé tọdún yìí, kó tún JAMB ṣe. Ọmọ náà ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 267 ṣẹ̀?

* * *

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. 267 ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ gbé èsì ọdún 2025 jáde, kí àwọn ọmọ Èkó àti ti gúúsù ìlà-oòrùn tó tún tiwọn ṣe, 1,955,069 ni èsì tó wà nílẹ̀. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414. Àwọn tó wà láàárín 250 sí 299 jẹ́ 73,441. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u.

Ṣùgbọ́n JAMB nìkan kọ́ ni Akọkà, ìyẹn UNILAG, ń wò. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń rò pọ̀ kó tó di 100. Máàkì JAMB, wọ́n á pín in sí mẹ́jọ, ìyẹn ló máa ń di 50. Post-UTME, 30, bó ṣe wà ni wọ́n ṣe ń kó o. WAEC tàbí NECO, 20. Iṣẹ́ márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì mu ni wọ́n máa yẹ̀ wò, A1 jẹ́ 4.0, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2.0.

Ẹ jẹ́ ká ṣe tọmọ yín. 267 tá a pín sí mẹ́jọ jẹ́ 33.375. WAEC: 4.0, 3.6, 3.2, 3.2, 2.8, àpapọ̀ rẹ̀ 16.8. Post-UTME 19. Gbogbo rẹ̀ pátá, 69.175. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní aggregate.

Mẹ́dísìn ní UNILAG sábà máa ń kọjá 80. Ẹ wá wo ibi tó ti dùn mí fún ọmọ yìí: ká ní ó gba post-UTME náà mọ́lẹ̀, 30 nínú 30, láìṣi ẹyọ kan, 80.175 ni yóò ní. Èyí túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí èsì JAMB àti WAEC ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè fi bírò àti bébà rí i pé ẹnu ọ̀nà yẹn ti há jù. Kò sẹ́ni tó jókòó bá yín ṣe ìṣirò náà ni.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ sí abẹ́ yìí pé ọmọ ò ka JAMB dáadáa ni, pé ká fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ìgbaradì ní Yábàá lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ná gbogbo owó sórí JAMB, tí wọ́n á sì fi ọ̀sẹ̀ kan péré sílẹ̀ fún post-UTME.

Ẹ fi wọ́n wéra bí ẹni ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè. Pọ́ìntì kan ní post-UTME Akọkà, máàkì mẹ́jọ ni ní JAMB. Ọmọ tó bá kúrò ní 19 dé 24 ti rí pọ́ìntì márùn-ún, ìyẹn 40 máàkì JAMB. Ó ti dà bíi pé ó gba 307 nìyẹn. Ní ti WAEC, ẹni tó bá kúrò ní C6 bọ́ sí A1 nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo ti rí pọ́ìntì méjì, ìyẹn máàkì 16. Físíìsì C4 tọmọ yín yẹn, ká ní A1 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máàkì mẹ́wàá JAMB.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìṣirò yìí ò rí bákan náà káàkiri. Ní Ìbàdàn, wọn kì í ka WAEC mọ́ ọn: JAMB ìdajì, post-UTME ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé krẹ́díìtì márùn-ún gbọ́dọ̀ pé. Ifẹ̀ ń lo 50 fún JAMB, 40 fún post-UTME, 10 fún WAEC. Nítorí náà ọmọ tí WAEC rẹ̀ kún fún A1, Akọkà ń san án lẹ́san. Ọmọ tí WAEC rẹ̀ kún fún C5 àti C6 ṣùgbọ́n tó mọ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ṣe, Ìbàdàn lè gbà á níbi tí Akọkà á ti já a sílẹ̀. Kí ọmọ tó yan ilé ìwé, èyí ló yẹ kí wọ́n bá a jókòó rò, kì í ṣe èwo ló sún mọ́ ilé.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìpín ìpínlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n láti Ṣómólú gbé wá, pé àwọn ará òkè Ọya ló ń gba àyè àwọn ọmọ Èkó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, láìka ibi tó ti wá sí, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀. Àwọn tó yí UNILAG ká ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Àwọn ọmọ wa wà nínú 45, wọ́n tún wà nínú 35. Ohun tó ń mú kó le ni pé ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ló lọ́mọ tó ń kàwé, ara wọn ni wọ́n sì ń bá du 35 yẹn.

Àṣìṣe tí mo ń rí lórí èyí kò kéré. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Mushin, tó wá kọ Mushin sínú fọ́ọ̀mù JAMB bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìlú baba rẹ̀, ọjọ́ ìyẹ̀wò ìwé ni wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó máa gbà ní Ìjẹ̀bú ò ní bá fọ́ọ̀mù mu. Ògùn náà wà nínú mẹ́fà yẹn, kò sí èrè kankan nínú irọ́ náà.

* * *

Ẹ padà sọ́dọ̀ Màmá Bàrígà. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yẹ CAPS wò lónìí. Ọdún 2017 ni JAMB gbé e kalẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo yunifásítì ti gbọ́dọ̀ mú orúkọ. Àyè tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbikíbi.

Ẹ wọ efacility.jamb.gov.ng pẹ̀lú ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ tẹ "Check Admission Status", ẹ mú ọdún, kí ẹ wá tẹ "Access my CAPS". Tó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, ojú ewé náà lè ṣí kí ẹ má rí nǹkankan ju "Welcome" lọ. Ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè igun Chrome, ẹ mú "Desktop site", àwọn ohun tó fara sin lápá òsì á wá yọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé wọn ò tíì fún òun ní nǹkan, tó jẹ́ pé apá òsì yẹn ni kò rí.

Ẹ wá tẹ ibi tí èsì WAEC wà, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ ọmọ yín wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú A1, B2 rẹ̀. Bó bá jẹ́ "Awaiting Result" ló wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilé ìwé ò lè fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí JAMB, kódà kí aggregate rẹ̀ jẹ́ 90. Oṣù kẹjọ ni èsì WAEC sábà máa ń jáde, ìgbà tí àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ọwọ́ wọn ṣófo, wọ́n sì gbàgbé láti padà lọ. Fífi èsì sí orí ìkànnì ilé ìwé nígbà post-UTME kì í ṣe ohun kan náà. Ibi méjì ni. Ti JAMB, ilé iṣẹ́ CBT (ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ilé kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lójú ọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá délé CBT, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ dá nìkan wo ojú kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ dúró tì í, kó máa ka nọ́ńbà ìdánwò fún un látorí bébà. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀: ọdún ìdánwò, B2 tó di B3, àti iṣẹ́ kan tí wọ́n fò. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ padà wọ CAPS látorí fóònù yín, ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ẹ gba bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹ fi pamọ́.

* * *

Bọ̀ọ̀dá kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ní kí ọmọ mú kọ́ọ̀sì èyíkéyìí, tó bá dé ọdún kejì kó sọdá sí Mẹ́dísìn. Ìmọ̀ràn yìí ti wọ́pọ̀ jù, ó sì ti gba ọdún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹni tó máa sọdá gbọ́dọ̀ ní CGPA, ìyẹn àròpọ̀ máàkì rẹ̀ ní yunifásítì, tó ga gan-an lọ́dún àkọ́kọ́, kó ní gbogbo ohun tí kọ́ọ̀sì tuntun ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ibi tó ń lọ sì ní àga tó ṣófo. Mẹ́dísìn kì í sábà ní àga tó ṣófo. Ẹ má fi ọmọ sínú kọ́ọ̀sì tí kò lè fara dà fún ọdún mẹ́rin torí ìrètí yẹn.

Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá ò jìnnà sóòótọ́ níbì kan: yíyí kọ́ọ̀sì lọ́dún yìí bọ́gbọ́n mu. Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì lọmọ yín ṣe ní JAMB. Èyí bá Fáámásì, Nọ́ọ̀sì, Físíothẹ́rápì, Radiography, Medical Laboratory Science, Physiology, Biochemistry, Microbiology, Cell Biology and Genetics, Botany, Zoology àti Marine Sciences mu. Kò bá Computer Science mu, torí pé kò ṣe Ìṣirò ní JAMB. B2 tó ní nínú Ìṣirò WAEC ò lè dí àlàfo yẹn.

Mi ò ní kí ẹ fò sí Fáámásì tàbí Nọ́ọ̀sì. Àwọn tó bọ́ láti Mẹ́dísìn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń sá lọ, ìdí nìyí tí cut-off ibẹ̀, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, fi ń gun òkè. 69 lágbára gan-an ní ibi tí èrò ò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: Cell Biology, Zoology, Botany, Marine Sciences, tàbí Biology Education. Kí ọmọ ka ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kó tó mú un. Ẹni tó fẹ́ràn ilé àyẹ̀wò lè gbádùn Cell Biology. Ẹni tó jẹ́ pé aláìsàn ló fẹ́ máa tọ́jú, kò ní gbádùn Botany.

2,500 náírà ni JAMB ń gbà fún yíyí kọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwé, ilé CBT náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí ilé ìwé fún yín láì kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi tẹ́ ẹ ń lọ ṣì ń ṣe àyẹ̀wò, ìyẹn post-UTME tiwọn. Ẹni tó kúrò ní UNILAG lọ sí LASU lẹ́yìn tí LASU ti ti ìlẹ̀kùn àyẹ̀wò rẹ̀, ó ń pọnmi sínú agbọ̀n ni. Ó ti sọ àyè Akọkà nù, LASU ò sì ní máàkì rẹ̀ lọ́wọ́.

* * *

Ẹni tó ní kí ẹ wá owó: ẹ má fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ogún òbí, wọn ò ní ṣe nǹkankan, àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí máàkì wọn tó tẹ́lẹ̀ á rí àyè, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é. Wọ́n á dá owó àwọn yòókù padà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n má dá a padà rárá. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń mú lẹ́tà wá láìsí orúkọ lórí CAPS. Ọmọ á jókòó ní kíláàsì, á san owó, ọdún tó bá yẹ kó lọ sìnrú ìlú ni NYSC á béèrè lẹ́tà JAMB. Kò ní sí.

* * *

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Kámpọ́ọ̀sì béèrè: 221, Accounting ní UNILAG, post-UTME 14, WAEC B3 méjì àti C4 mẹ́ta. Ṣé kí n dúró de àtẹ orúkọ kejì?

Àbúrò, 27.625 pẹ̀lú 14 pẹ̀lú 14.8, ó jẹ́ 56.425. Accounting Akọkà kì í sún mọ́ ibẹ̀, má fi oṣù mẹ́ta dúró de àtẹ kejì. Wo LASUSTECH ní Ìkòròdú, tó ti di yunifásítì láti 2022, àti LASUED, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Ọ̀tọ̀-Ìjànikin àti ti Noforija ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n pa pọ̀ di yunifásítì lọ́dún kan náà. Àwọn òbí kan ṣì rò pé NCE nìkan ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀. YABATECH náà ń bẹ. ND ọdún méjì tó dára, wàá fi gba Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì. Pe ọ́fíìsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó san 2,500 yẹn.

* * *

Ẹni mẹ́ta ló ti dárúkọ JUPEB fún Màmá. Òótọ́ ni pé ó jẹ́ ọ̀nà: oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìgbaradì, ìdánwò iṣẹ́ mẹ́ta, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, bẹ́ẹ̀ lọ dé E tó jẹ́ 1, ẹni tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tún rí 1 kún un, gbogbo rẹ̀ 16. Ọdún kejì ni wọ́n ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, àyè Direct Entry ò sì tó nǹkan. Ẹni tí kò bá sún mọ́ 16, kó má fojú sí Mẹ́dísìn.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ jù nìyí: fọ́ọ̀mù Direct Entry JAMB máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n tó ṣe ìdánwò JUPEB rárá. Ọmọ tó ní òun á dúró kí èsì jáde ná á rí 14 lọ́wọ́ láìní fọ́ọ̀mù, ọdún yẹn á sì ti lọ.

Ní ti Bàbá tó ní kó tún JAMB ṣe, mi ò ní ta kò ó pátápátá. Tó bá jẹ́ Mẹ́dísìn nìkan lọmọ yìí fẹ́, tó sì lè fi ọdún kan tún WAEC ṣe, kí Físíìsì àti Kẹ́mísírì rẹ̀ di A1, kó múra post-UTME láti ìsinsìnyí, ó ṣeé ṣe. 300 ní JAMB jẹ́ 37.5, WAEC 18.8, post-UTME 25, ó ti di 81.3. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ JAMB nìkan ló fẹ́ tún ṣe, tó fi WAEC àti post-UTME sílẹ̀ bó ṣe wà, 300 náà á gbé e dé 73.3 péré.

* * *

Màmá Bàrígà padà wá: Ẹ ṣeun o. Èsì WAEC ò sí lórí CAPS lóòótọ́, àná la fi sí i. Àárọ̀ yìí a rí "Transfer Approval", Cell Biology and Genetics ni wọ́n kọ. Ọmọ ní òun fẹ́ ẹ. Bàbá ní ká má tíì tẹ nǹkankan.

Inú mi dùn, Màmá. Ẹ sọ fún Bàbá pé ilé ìwé ló ń bi yín bóyá ẹ gbà kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí kọ́ọ̀sì yẹn, ẹ ò sì ní ọjọ́ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà, Mẹ́dísìn tọdún yìí ti parí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, wọn ò jẹ yín ní òmíràn. Bó bá sì wọlé tó tún fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, kó sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé òun ti wà ní yunifásítì, kó má fi pamọ́.

Bí ọmọ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, kí òun fúnra rẹ̀ tẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wo CAPS títí tí yóò fi kọ ọ́ pé wọ́n ti gbà á, kó wá tẹ "Accept". Ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni títẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tẹ àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé èkejì. Tó bá ti tẹ ẹ́, kó tẹ lẹ́tà JAMB jáde, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ tó san owó èyíkéyìí fún ilé ìwé. Ẹ wo orúkọ orí lẹ́tà náà pẹ̀lú ti NIN àti ti WAEC, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìkan bá yàtọ̀, ọ́fíìsì JAMB ni kí ẹ gbà lọ kí ọjọ́ ìyẹ̀wò ìwé tó pé.